Wí Ohun tí O Rí, Má Ṣe Bù Mọ́ Ọn

Kò sí ọmọ tí a tọ́ ní abúlé oko ní agbègbè Ìbàdàn, ìbáà ṣe ní Mọ́níyà ní ilẹ̀ Akínyẹlé, ní Lálúpọn ní ilẹ̀ Lágelú, ní Ẹ̀gbẹ́dá tàbí ní Àkànràn ní Ọ̀nà-Ará, tí kò ní ìtàn ẹranko kan láti sọ. Ọ̀kẹ́rẹ́ ti jí ẹ̀pà ẹnì kan gbé lójú rẹ̀. Ọ̀bọ ti jókòó sórí igi, ó ń wo àgbẹ̀ bí ẹni tí ń ṣọ́ alágbàṣe. Irú ìtàn bẹ́ẹ̀ dùn púpọ̀, ṣùgbọ́n àléébù kan wọ́pọ̀ nínú wọn: wọn a máa dàgbà lẹ́nu. Ẹni tí òkété sá kọjá níwájú rẹ̀ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ yóò délé, yóò ní ẹkùn ni. Kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná, ẹkùn kan ti di mẹ́ta. Gbogbo ilé yóò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ bá mọ́, kò sí ẹni tí ó lè fi ọ̀rọ̀ náà ṣe ohunkóhun. Nítorí náà, ìwọ akẹ́kọ̀ọ́, gbọ́ ìtàn àwọn ènìyàn mẹ́ta tí wọ́n rí ohun ìyanu, tí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ojú wọn ti rí i, kí o lè mọ èrè tí ń bẹ nínú òótọ́.

Ẹni kìíní ni João dos Santos, àlùfáà ìjọ Àgùdà, ọmọ ilẹ̀ Pọ́túgà, tí ó ṣiṣẹ́ ní Sofala, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Mòsáńbíìkì lónìí. Ní 1588, ó ṣàkíyèsí pé ẹyẹ kékeré kan a máa wọ inú ilé ìsìn, a sì máa ṣá àbẹ́là jẹ. Olè wọ ilé Ọlọ́run, kì í sì í ṣe owó ni ó wá gbé! Ẹlòmíràn ìbá sọ òkò lù ú, ìbá sì gbàgbé rẹ̀. Dos Santos kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìda oyin ni ẹyẹ náà ń wá. Ó tún kọ ọ́ pé bí ẹyẹ náà bá rí ilé oyin nínú igbó, a máa ké sí ènìyàn, a sì máa ṣíwájú rẹ̀ láti igi dé igi títí wọn yóò fi débẹ̀. Ní 1609 ni ìwé rẹ̀ jáde.

Ọ̀rọ̀ yìí jọ àlọ́. Báwo ni ẹyẹ igbó yóò ti ṣe bá ènìyàn dòwò pọ̀? Síbẹ̀, ní 2016, Claire Spottiswoode àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde láti ilẹ̀ Mòsáńbíìkì kan náà. Nígbà tí àwọn ọdẹ oyin bá fi igbe tí wọ́n jogún lọ́dọ̀ baba wọn pe ẹyẹ náà, ó ń ṣíwájú wọn ní nǹkan bí ìgbà 66 nínú 100. Bí ìró mìíràn bá ni, kò ju nǹkan bí 33 lọ. Lẹ́yìn ọdún tí ó lé ní 400, ọ̀rọ̀ àlùfáà náà kò yẹ̀.

Ẹni kejì ni Mary Kingsley, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan tí kò lọ sí yunifásítì rí. Ó wá sí Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ní 1893, ó sì tún padà wá lẹ́yìn náà, ó ń kó oríṣiríṣi ẹja jọ fún British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù. Ní ọjọ́ kan tí ó wà nínú ọkọ̀ ní àbàtà, ọ̀nì kan gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé ìdí ọkọ̀, bí àlejò tí ó fẹ́ wọlé láìkan ilẹ̀kùn. Obìnrin náà sún síwájú ọkọ̀ kí ó má baà dojú dé, ó sì fi àjẹ̀ tí a fi ń wa ọkọ̀ gbá a nímú. Ọ̀nì náà bá tirẹ̀ lọ.

Nínú ìwé rẹ̀ tí ó jáde ní 1897, ó fojú bù ú pé ọ̀nì náà yóò gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8, ṣùgbọ́n ó kìlọ̀ fún òǹkàwé kí ó má ṣe lọ sọ pé òun wọ̀n ọ́n. Ìwọ wò ó ná! Bí ó bá pè é ní 20, ta ni ìbá já a nírọ́? Síbẹ̀ ó ya ohun tí ó fojú bù sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ó wọ̀n. Ìwà ọmọlúàbí nìyẹn, ìtàn náà kò sì tìtorí rẹ̀ pàdánù adùn rẹ̀.

Ẹni kẹta wà nílé wa níhìn-ín. J. H. Elgood ni orúkọ rẹ̀, olùkọ́ ẹ̀kọ́ nípa ẹranko ní University College, Ìbàdàn. Ta ni kò mọ ẹ̀gà, aláriwo orí ọ̀pẹ? Nínú ìdílé ẹ̀gà, àwọn kan wà tí ara wọn dúdú, tí orí wọn sì pọ́n, tí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tí ń kánjú yóò fi pe gbogbo wọn ní ọ̀kan. Àwọn àgbà ní ẹni tí ó bá fi sùúrù pa èèrà ni yóò rí ìfun inú rẹ̀. Elgood fi sùúrù wò wọ́n, ní 1958 ó sì kéde pé ọ̀kan wà láàárín wọn tí kò tíì sí nínú ìwé kankan. Ó sọ ọ́ ní Malimbus ibadanensis, èyí ni pé ẹyẹ ti Ìbàdàn. Ìlú ńlá tí òkìkí rẹ̀ kàn káàkiri, ẹyẹ sì ń bá a gbé tí kò ní orúkọ nínú ìwé àwọn onímọ̀! Ní 1964, àwọn olùfẹ́ ẹyẹ dá ẹgbẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Nàìjíríà láti máa kọ irú nǹkan báyìí sílẹ̀. Láti 1979, Malimbus ni ìwé àtìgbàdégbà wọn ń jẹ́.

Má ṣe rò pé àwọn òyìnbó nìkan ni ó ní ojú. Àwọn ọdẹ wa ti fi ìjálá ki erin, ẹfọ̀n àti ọ̀bọ láti ayébáyé, wọ́n sì mọ ìrìn àti ìṣe wọn dájú. Ṣùgbọ́n ẹnu ni wọ́n fi pa á mọ́. Bí àgbà ọdẹ kan bá kú tí kò kọ́ ẹnìkan, ìmọ̀ rẹ̀ bá a wọ ilẹ̀ lọ. Nítorí èyí ni iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá, ẹni tí ìwé rẹ̀ lórí ìjálá jáde ní 1966, ṣe jẹ́ oore ńlá fún wa.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré. A kò rí ẹyẹ ti Ìbàdàn yẹn níbòmíràn láyé àfi ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Igbó tí ó ń gbé ti di oko, oko sì ń di ilé. Ewu ìparun ń bẹ lórí rẹ̀. Ọ̀kan nínú ibi ìsádi rẹ̀ ni igbó tí a dá sí ní ilẹ̀ IITA, ibùdó ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tí a dá sílẹ̀ ní 1967 ní Akínyẹlé. Bí kò bá sí ẹni tí ó kọ ọ́ sílẹ̀, ìbá lè parun láìsí ẹni tí yóò mọ̀ pé ó wà rí. Ohun tí a kò mọ̀ pé a ní, báwo ni a ó ṣe ṣọ́ ọ?

Nítorí náà, wá ìwé kékeré kan. Nígbà tí o bá ń lọ sí oko ní ọjọ́ ìsinmi, tí ẹranko bá dá ọ lẹ́rìn-ín tàbí tí ó yà ọ́ lẹ́nu, kọ ọjọ́ náà, ibẹ̀, àti ohun tí ó ṣe. Bí o bá fojú bù ú, kọ ọ́ pé o fojú bù ú. Bí ó bá jẹ́ òkété, jẹ́ kí ó jẹ́ òkété. Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ tí o bá sì kọ sílẹ̀ lónìí lè wúlò fún ọmọ tí a kò tíì bí.