Ẹ́ńjìnnì kú, awakọ̀ ò kú: ìtàn Bill Lancaster

1/ Bí ẹ́ńjìnnì Márúwá bá kú ní Challenge, ẹ máa sọ̀kalẹ̀, ẹ máa wọ òmíràn. Tó bá wá jẹ́ ọkọ̀ òfurufú kékeré ńkọ́, lókè aṣálẹ̀ tí èèyàn kankan ò gbé? Ẹ jókòó, mo ní ìtàn kan 🧵

2/ Oṣù Kẹrin, 1933. Òyìnbó kan, Bill Lancaster, gbéra nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó ń fò lọ sí Cape Town. Obìnrin kan, Amy Johnson, ti yára fò ó ṣáájú. Òun náà fẹ́ yára jù ú lọ. Avro Avian ló ń wà, ẹ́ńjìnnì kan ṣoṣo ló ní.

3/ Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ 12, ó kúrò ní Reggane, ní Algeria, ó forí lé Gao, tó wà ní Mali òde òní. Kò débẹ̀. Ẹ́ńjìnnì kú lójú ọ̀run, ọkọ̀ já sínú Sàhárà lóru, ó sì dojú dé.

4/ Ẹ dúró ná. Ẹ́ńjìnnì tó kú kì í sọ ọkọ̀ kékeré di òkúta o. Apá rẹ̀ ṣì ń gbé e. Púpọ̀ nínú wọn, tí wọ́n bá wà ní kìlómítà kan sókè, ṣì lè rá bàbà lọ tó kìlómítà 8 tàbí 9 kí wọ́n tó kanlẹ̀.

5/ Lancaster náà fara pa lórí, àmọ́ kò kú. Omi tó ní ò ju bíi lítà 9 lọ. Ó jókòó ti ọkọ̀ rẹ̀, ó ń kọ ohun tójú rẹ̀ ń rí sílẹ̀. Lálẹ́, á ya aṣọ tí wọ́n fi bo apá ọkọ̀, á dáná sun ún, bóyá ẹnì kan á rí iná.

6/ Wọ́n wá a o. Ibi tí wọ́n wá a sí kọ́ ló wà ni. Ọjọ́ 20 ló kọ̀wé gbẹ̀yìn.

7/ Oṣù Kejì, 1962 ni àwọn ọmọ ogun Faransé tó ń ṣọ́ aṣálẹ̀ tó bá òkú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, pẹ̀lú ìwé tó kọ. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún 29! Ẹ́ńjìnnì ló já a bọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àìtètè rí i ló pa á.

8/ Ayé kọ́gbọ́n. Oṣù Kẹsàn-án, 1982, ọkọ̀ kékeré kan já sáàárín òkè ní Kánádà. Ẹ̀rọ kan nínú rẹ̀ ké sí sátẹ́láìtì, wọ́n sì gba èèyàn mẹ́ta là. Àwọn ni ètò Cospas-Sarsat kọ́kọ́ yọ nínú ewu.

9/ Tiwa wá ńkọ́? Ọjọ́ 15, oṣù Kẹta, 2008, Beechcraft 1900D ti Wings Aviation gbéra l'Ékòó, ó ń lọ sí Bebi, nítòsí Obudu. Ti èyí kì í ṣe ẹ́ńjìnnì, òkè ló lọ kọlù. Àmọ́ inú igbó ló wà títí dìgbà tí oṣù Kẹjọ ń parí lọ. Àwọn ọdẹ ló rí i! Oṣù márùn-ún, nígbà tí sátẹ́láìtì ti ń gbọ́ igbe láti 1982.

10/ Ní Ìlọrin wa níbí, International Aviation College ń fi ọkọ̀ kékeré kọ́ àwọn ọmọ tó jẹ́ ẹgbẹ́ wa. Ara ohun tí awakọ̀ ń kọ́ ni bó ṣe máa sọ̀kalẹ̀ tí ẹ́ńjìnnì bá kú. Èyí tó kù, ti àwọn tó wà nílẹ̀ ni: ta ló máa wá wọn, wákàtí mélòó ló máa gbà á? Ìyẹn ló yẹ ká máa bi ìjọba, kí ọkọ̀ tó já. Lancaster dáná tirẹ̀. Kò sẹ́ni tó rí i.