Láti Orí Ìtàgé Dé Ilé Ìwòsàn

Ìròyìn kò tó àfojúbà. Ní ọdún 1841, ní ìlú Manchester, ará Faransé kan, Charles Lafontaine, ń fi ojú mú ènìyàn sùn lórí ìtàgé. Dókítà James Braid lọ wò ó. Ó gbà pé ẹ̀tàn ni. Nígbà tí ó padà délé, ó ní kí aya rẹ̀ tẹjú mọ́ ọnà ara àwo ṣúgà láìṣẹ́jú. Láìpẹ́, oorun gbé obìnrin náà lọ. Braid wá mọ̀ pé agbára náà kò sí lójú ẹnì kankan. Nínú ìwé rẹ̀ ti 1843, ó pè é ní hypnotism, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì fún oorun.

Síbẹ̀, ojú idán ni ọ̀pọ̀ dókítà fi ń wò ó. Ní 1984, ní Manchester kan náà, Peter Whorwell àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kó aláìsàn 30 jọ, tí inú rírun, inú wíwú àti ìgbẹ́ tí kò létò ń dà láàmù, tí oògùn kò sì ràn wọ́n. Wọ́n fi ọ̀nà yìí tọ́jú 15: aláìsàn a gbé ọwọ́ lé ikùn, a sì fọkàn ro ooru tí ń tu ìfun lára. Ìmọ̀ràn àti oògùn tí kò ní agbára kankan nínú ni wọ́n fún àwọn 15 yòókù. Ara tu àwọn wọ̀nyí díẹ̀; ìtura àwọn ìṣáájú ju tiwọn lọ jìnnà.

Ní 2008, ìgbìmọ̀ tí ń tọ́ àwọn dókítà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sọ́nà fi í kún ìtọ́jú tí wọ́n lè rò fún ẹni tí oògùn kò ràn lẹ́yìn oṣù 12. Àyẹ̀wò ni ó gbà á lọ́wọ́ onídán, tí ó sì fi í lé oníṣègùn lọ́wọ́.