Obìnrin Náà Lè Ta Eré Ogun

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ gbọ́ ná. Bí èmi ọmọ Òrò-Àgọ́ bá jókòó tí mò ń fi amọ̀ mọ ọmọ ogun wẹ́wẹ́, ìbéèrè kan náà ni wọ́n máa ń bi mí: "Ṣé o fẹ́ di sójà ni? Ṣebí eré ọkùnrin nìyẹn!" Ìtàn ni mo fẹ́ fi dáhùn.

Ẹni tí kò bá mọ eré náà, kó rò ó bíi lúdò tó ti dàgbà. Tábìlì ni pápá ogun. Ẹni tó ń ta á ló ń kun ọmọ ogun rẹ̀ lọ́dà, á fi rúlà wọn ìrìn wọn, á da dáìsì láti mọ ẹni tó kú àti ẹni tó yè.

Lọ́dún 1913, H. G. Wells tẹ Little Wars jáde, ó sì kọ òfin irú eré yìí sínú rẹ̀. Àwọn ọmọkùnrin ló kọ́kọ́ pè lórí èèpo ìwé náà, kó tó wá fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ fún ọmọbìnrin tí orí rẹ̀ pé. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ní ká jókòó sí!

Bẹ́ẹ̀ obìnrin ti wọlé tipẹ́. Ní 1826, bàbá àwọn Brontë ní Haworth, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ra ọmọ ogun onígi 12 fún Branwell, ọmọkùnrin rẹ̀. Charlotte, Emily àti Anne mú tiwọn níbẹ̀, wọ́n sọ wọ́n lórúkọ, wọ́n sì tẹ ìlú dó fún wọn. Ẹ mọ ibi tí wọ́n fi ìlú ọ̀hún sí? Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wa níbí, tí ẹsẹ̀ wọn kò tẹ̀ rí! Ìtàn àwọn ọmọ ogun yẹn ni wọ́n fi kọ́ ìwé kíkọ. Charlotte yìí náà ló kọ Jane Eyre ní 1847.

Ní 1942, nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, àwọn ọ̀dọ́bìnrin bíi Jean Laidlaw àti Janet Okell ń fi ṣọ́ọ̀kì àti ọkọ̀ wẹ́wẹ́ ta ogun òkun sórí ilẹ̀ yàrá kan ní Liverpool. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń wá ọgbọ́n tí wọ́n fi kojú ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì. Nígbà tí ọ̀gá àgbà Max Horton ta á bí ọ̀tá, léraléra ni wọ́n rì í.

Ẹ jẹ́ ká padà sílé. Ní Èsìẹ́, ère òkúta lé ní 1,000; ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ṣí níbẹ̀ ní 1945 ni àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà. Ohun ọ̀wọ̀ ni wọ́n, wọn kì í ṣe ohun eré o. Àmọ́ ẹ wo àwọn obìnrin tó wà láàárín wọn: àwọn kan mú ohun ìjà dání. Ẹni tó gbẹ́ wọn kò rò pé ogun jẹ́ ti ọkùnrin nìkan.

Amọ̀ mímọ, àwọn ìyá wa ló ni ín. Ogun Kírìjì, láti 1877 sí 1886, tí àwa Ìgbómìnà jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Èkìtì Parapọ̀, kò tíì kúrò nínú ìtàn ilé wa. Bí mo bá tò ó sórí tábìlì, ohun àkọ́kọ́ tí mo máa bèèrè ni pé: ta ló ru iṣu dé ibùdó? Mo máa mọ obìnrin náà pẹ̀lú ẹrù lórí rẹ̀, torí pé ogun kì í jà láìjẹun.

Ẹ̀yin obìnrin ẹgbẹ́ wa, amọ̀ kò wọ́n. Ẹ wá ká jọ mọ ọ́n.