Ìdíje Formula 4 ti Ọdún 2023 ní Yúróòpù

Ìdíje Formula 4 ti ọdún 2023 ní Yúróòpù jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ìdíje ọkọ̀ ìje oníjòkòó kan tí a yà sọ́tọ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ awakọ̀. Ní ọdún náà ni Ugo Ugochukwu, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún tí a bí sí ìlú New York, tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Nàìjíríà, gba ife-ẹ̀yẹ Euro 4 nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ìdíje náà. Ní ọdún kan náà ni ó ṣe ipò kejì nínú ìdíje Formula 4 ti ilẹ̀ Ítálì. Ohun méjì ni àṣeyọrí yìí fi hàn nínú ìtàn eré ìdárayá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Èkíní ni pé ọmọ tí ó ti ìdílé Nàìjíríà jáde lè borí nínú eré tí àwọn ará Yúróòpù ti ń jẹ gàba lé lórí láti ìgbà pípẹ́. Èkejì ni pé kò sí ìpele kankan lára àtẹ̀gùn tí ó gùn dé ibẹ̀ tí ó wà ní ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti wá.

Bí Formula 4 ṣe bẹ̀rẹ̀

Ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ dé Formula 1, tí í ṣe òkè téńté eré ìje ọkọ̀, kì í ṣe ibẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà èwe ni ọ̀pọ̀ awakọ̀ ti ń wa káàtì, ìyẹn ọkọ̀ ìje kékeré tí kò ní òrùlé. Nígbà kan, àlàfo ńlá wà láàárín káàtì àti Formula 3, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan sì ń fi irú ọkọ̀ tí ó wù ú dí àlàfo náà. FIA, àjọ tí ń ṣàkóso eré ìje ọkọ̀ lágbàáyé, dá Formula 4 sílẹ̀ kí òfin kan náà lè wà níbi gbogbo. Gerhard Berger, ọmọ ilẹ̀ Ọ́stríà tí ó ti wakọ̀ rí ní Formula 1, ni ó darí ìgbìmọ̀ tí ó ṣe ètò náà. Ilẹ̀ Ítálì wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ìdíje yìí ní ọdún 2014, Lance Stroll ti ilẹ̀ Kánádà ni ó sì kọ́kọ́ gbégbá orókè níbẹ̀. Ní ọdún 2015, àwọn Gẹ̀ẹ́sì àti àwọn ará Jámánì dara pọ̀. Lando Norris ni ó borí nínú ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún náà.

Òfin FIA sọ pé awakọ̀ Formula 4 gbọ́dọ̀ ti pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ọkọ̀ tí wọ́n lò ní Ítálì ní ọdún 2023 ni Tatuus T421, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Ẹ́ńjìnnì Abarth oní-lítà 1.4 ni ó ń gbé e, agbára rẹ̀ sì tó nǹkan bí 180 agbára ẹṣin. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní halo yí orí awakọ̀ ká láti dáàbò bò ó bí ọkọ̀ bá dojú dé tàbí bí nǹkan bá fò bọ̀. Irú ọkọ̀ kan náà, ẹ́ńjìnnì kan náà àti táyà kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ ń lò, kí ó má baà jẹ́ pé ẹni tí ó lówó jù ni yóò ra ọkọ̀ tí ó yára jù.

Síbẹ̀, òfin yìí kò mú kí gbogbo nǹkan dọ́gba. Ẹgbẹ́ tí ó ní àwọn ẹnjiníà tí ó mòye ni yóò mọ bí a ṣe ń to ọkọ̀ náà kí ó lè jẹ́ kọ́nà dáadáa. Awakọ̀ tí ó bá sì lówó láti fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ dánra wò yóò mọ pápá ju ẹlòmíràn lọ. Owó tí ẹbí tàbí onígbọ̀wọ́ ń ná lé awakọ̀ kan lórí lọ́dún kan ní Formula 4 Yúróòpù jẹ́ ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ẹgbẹ̀rún owó yúrò. Ìwọ̀nba ọmọ díẹ̀ ni òbí wọn lè ná irú owó bẹ́ẹ̀.

Ìdíje méjì nínú ọdún kan

Ní ọdún 2022 ni ìdíje Formula 4 ti Jámánì kógbá sílé. Àwọn ẹgbẹ́ tí ń bá a yí wá ibòmíràn lọ, Ítálì sì ni ọ̀pọ̀ wọn forí lé. Àwọn tí ń ṣètò ìdíje Ítálì wá dá ìdíje kejì sílẹ̀ ní ọdún 2023. Wọ́n pè é ní Euro 4.

Ìdíje Ítálì ní abala méje ní ọdún náà: Imola, Misano, Spa ní Bẹ́ljíọ̀mù, Monza, Paul Ricard ní ilẹ̀ Faransé, Mugello àti Vallelunga. Euro 4 kò ní ju abala mẹ́ta lọ: Mugello, Monza àti Barcelona ní ilẹ̀ Sípéènì. Eré mẹ́ta ni wọ́n ń sá ní abala kọ̀ọ̀kan, eré kọ̀ọ̀kan sì ń gbà tó ìdajì wákàtí. Ẹni tí ó bá borí yóò gba àmì 25, ẹni kejì 18, ẹni kẹta 15, títí dé ẹni kẹwàá tí yóò gba àmì 1.

Kí ìdíje kúrú báyìí ní ewu tirẹ̀. Bí abala bá pọ̀, awakọ̀ tí ó bá ṣe àṣìṣe lónìí ní àyè láti tún un ṣe lọ́la. Nínú Euro 4, eré mẹ́sàn-án péré ni gbogbo rẹ̀, èyí tí ó bá sì bàjẹ́ ti kó ìdá kan nínú mẹ́sàn-án gbogbo iṣẹ́ ọdún lọ. Pápá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì jọ ara wọn. Mugello, tí ó gùn ní kìlómítà 5.245, kún fún kọ́nà tí ó yára láàárín òkè àti àfonífojì. Monza, tí ó gùn ní kìlómítà 5.793, ní ọ̀nà tààrà gígùn. Níbẹ̀, ọkọ̀ tí ó wà lẹ́yìn máa ń sá sábẹ́ ààbò ọkọ̀ iwájú tí ń la afẹ́fẹ́, yóò fi bẹ́ẹ̀ yára sí i, yóò sì kọjá. Ẹni tí ó ń ṣíwájú kò lè fi ọkàn balẹ̀ títí eré yóò fi parí. Ẹni tí ó bá máa gba Euro 4 ní láti mọ irú eré méjèèjì.

Awakọ̀ tí ó borí

Ọjọ́ 23 oṣù Kẹrin ọdún 2007 ni a bí Ugochukwu. Ìyá rẹ̀ ni Oluchi Onweagba, tí a bí sí Èkó, tí ó sì gba ipò kìíní nígbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe ìdíje Face of Africa ní ọdún 1998, kí ó tó di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká nínú iṣẹ́ aṣàfihàn aṣọ. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú káàtì, ó sì di aṣẹ́gun ilẹ̀ Yúróòpù nínú ìsọ̀rí àwọn ọ̀dọ́ ní ọdún 2020. Ní ọdún 2021, ẹgbẹ́ McLaren ti Formula 1 gbà á sínú ètò ìtọ́nisọ́nà wọn nígbà tí ó wà ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Ọjọ́ orí yìí kan náà ni Lewis Hamilton wà nígbà tí McLaren gba òun náà ní ọdún 1998. Ọdún tí Hamilton sì kọ́kọ́ wakọ̀ ní Formula 1 ni ọdún tí a bí Ugochukwu.

Ní ọdún 2022, Ugochukwu wakọ̀ fún ẹgbẹ́ Carlin ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ṣe ipò kẹta nínú ìdíje Formula 4 níbẹ̀. Ní ọdún 2023, ó kọjá sí ẹgbẹ́ Prema ní Ítálì. Kò sí ẹgbẹ́ tí orúkọ rẹ̀ tóbi ju ti Prema lọ ní ìpele yìí. Ọ̀dọ̀ wọn ni Kimi Antonelli wà nígbà tí ó gba ife-ẹ̀yẹ Ítálì ní ọdún 2022. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wà nínú ẹgbẹ́ ńlá mọ̀ pé alátakò tí ó le jù lè jẹ́ ẹni tí wọ́n jọ ń lo gáréèjì kan náà. Arvid Lindblad, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí Red Bull ń ṣe onígbọ̀wọ́ fún, wà ní Prema pẹ̀lú rẹ̀.

Nínú ìdíje Ítálì, Kacper Sztuka ti ilẹ̀ Pólándì ni ó borí gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ US Racing, tí ó ti Jámánì wá, ni ó ń wakọ̀ fún, kì í sì í ṣe ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú ìdíje náà. Ní apá ìparí ọdún ni ó kó ọ̀wọ́ ìṣẹ́gun jọ, tí ó sì fi àwọn ọmọ Prema sílẹ̀ sẹ́yìn. Ugochukwu ṣe ipò kejì, Lindblad ṣe ipò kẹta. Nínú Euro 4, Ugochukwu ni ó ní àmì tí ó pọ̀ jù lọ nígbà tí eré parí ní Barcelona, orúkọ rẹ̀ sì ni àkọ́kọ́ nínú ìwé àwọn aṣẹ́gun ìdíje náà.

Àsíá Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ náà. Nínú eré yìí, orílẹ̀-èdè awakọ̀ ni wọ́n ń tẹ̀ lé, a kì í wo orírun àwọn òbí. Nítorí náà, ẹni tí ó bá ń wá Nàìjíríà nínú àkọsílẹ̀ Formula 4 ọdún 2023 kò ní rí i, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ tí ó wà lókè jẹ́ orúkọ Ígbò.

Ohun tí ó wà àti ohun tí kò sí

Kì í ṣe pé Áfíríkà kò mọ eré ìje ọkọ̀. Ìdíje ọkọ̀ ìje wáyé ní Dakar ní àwọn ọdún 1950. Wọ́n sá Formula 1 ní Morocco ní ọdún 1958, wọ́n sì sá a ní Gúúsù Áfíríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún títí di 1993. Jody Scheckter, ọmọ Gúúsù Áfíríkà, di aṣẹ́gun àgbáyé ní ọdún 1979. Eré ráálì Bandama ti ń wáyé ní Côte d'Ivoire láti òpin àwọn ọdún 1960. Ṣùgbọ́n títí di ọdún 2023, kò sí ìdíje Formula 4 kankan ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà.

Kì í ṣe ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ ni ó fa àìsí yìí. Ìlú Kumasi ní Gánà jẹ́ ẹ̀rí. Ìlú yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ti ṣòwò kí àṣẹ ìjọba ọdún 1969 tó lé àwọn àjèjì jáde. Ní Anloga Junction, ní agbègbè Oforikrom, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà àti àwọn oníṣòwò pákó pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí orúkọ oríta náà fi di orúkọ iṣẹ́ igi. Nígbà tí ìjọba la ọ̀nà tuntun láti Oforikrom sí Asokwa, wọ́n kó wọn lọ sí Sokoban. Ní ìhà mìíràn ní ìlú kan náà ni Suame Magazine wà, níbi tí àwọn mẹkáníìkì, àwọn ajórin, àwọn apààrọ̀ ẹ́ńjìnnì àti àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ kóra jọ sí. Ní ọdún 2013, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ Suame dara pọ̀ mọ́ ayàwòrán kan láti ilẹ̀ Netherlands, wọ́n sì kan odindi ọkọ̀ kan tí wọ́n pè ní Turtle. Ẹni tí ó bá lè fi irin àlòkù kan ọkọ̀ kò ní ṣàì lè kọ́ bí a ṣe ń tọ́jú ọkọ̀ ìje.

Ohun tí ó ṣòro láti rí ni pápá tí FIA fọwọ́ sí, ìdíje káàtì tí kì í dáwọ́ dúró láti ọdún dé ọdún, àti onígbọ̀wọ́ tí yóò dúró ti ọmọ kan fún ọdún mẹ́wàá. Òfin ìwé àṣẹ Formula 1 tún mú kí ọ̀rọ̀ náà le sí i: awakọ̀ gbọ́dọ̀ kó àmì 40 jọ láàárín ọdún mẹ́ta nínú àwọn ìdíje tí FIA mọ̀. Ibi tí kò bá sí irú ìdíje bẹ́ẹ̀, kò sí àmì. Ọmọ tí ó bá ní ẹ̀bùn yóò kó lọ sí Yúróòpù kí ó tó pé ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, tàbí kí ẹ̀bùn náà wọmi. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà kò wọ kèrègbè.

Lẹ́yìn ọdún 2023

Àwọn tí wọ́n jọ du ipò lọ́dún náà gba ọ̀nà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Red Bull gba Sztuka, ó sì wakọ̀ ní Formula 3 ní ọdún 2024. Lindblad dé Formula 3 ní 2024 àti Formula 2 ní 2025, wọ́n sì kéde ní òpin ọdún 2025 pé yóò wọ Formula 1. Ugochukwu kọ́kọ́ lọ sí ìdíje Formula Regional ti Yúróòpù. Níbẹ̀, nǹkan kò rọ̀ fún un bíi ti Formula 4. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kọkànlá ọdún 2024, ó borí ní Macau, ní pápá ojú títì tóóró níbi tí Ayrton Senna ti borí ní ọdún 1983. Ní ọdún 2025, ó wọ Formula 3 pẹ̀lú Prema.

Ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, FIA ṣe ìpàdé ńlá rẹ̀ ní Kigali, olú-ìlú Rwanda, ìjọba ibẹ̀ sì kéde pé àwọn fẹ́ gbàlejò Formula 1. Bí irú eré bẹ́ẹ̀ bá padà sí Áfíríkà, ọjọ́ mẹ́ta ni yóò gbà lọ́dún. Ìdíje àwọn ọ̀dọ́ ni ó máa ń gba gbogbo ọdún, òun náà ni ó sì ń mú awakọ̀ jáde. Ohun tí àkọsílẹ̀ ọdún 2023 ń fi kọ́ni nìyẹn: láti ìdí àtẹ̀gùn ni Ugochukwu ti bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè, ìdí àtẹ̀gùn náà ni kò sì tíì sí ní Èkó tàbí ní Kumasi.