Orúkọ Ransome Láàrin Àwọn Ẹ̀gbá: Orísun Rẹ̀ àti Ibi tí Ó Tàn Dé

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Òwe yìí kò yọ Ẹ̀gbá sílẹ̀. Bí ọmọ bá jẹ́ ìbejì, orúkọ àmútọ̀runwá ti ń dúró dè é. Bí ikú bá ti ń kó àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ, orúkọ tí wọn yóò fún un yóò bá ikú wí. Bí oyè bá wà ní ìdílé bàbá rẹ̀, oyè yóò yọjú nínú orúkọ náà. Nítorí náà, ẹni tí ó bá gbọ́ orúkọ ọmọ Ẹ̀gbá lè fi òye gbé ohun tí ojú ilé rẹ̀ ti rí. Ṣùgbọ́n láti àárín ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn orúkọ kan ti wà ní Abẹ́òkúta tí òwe yìí kò lè tú: Coker, Thomas, Williams, Moore, Johnson, Ransome. Kò sí ilé Ẹ̀gbá kan tí a wò kí irú orúkọ bẹ́ẹ̀ tó jáde. Ilé wo wá ni a wò?

Ìbéèrè yìí kò kéré fún ẹni tí ń kọ́ni ní ìtàn tàbí ẹni tí ń múra ìdánwò, nítorí pé àṣìṣe méjì ni ó wọ́pọ̀ nípa rẹ̀. Àwọn kan gbà pé ẹni tí ń jẹ́ orúkọ òyìnbó ní láti ní ẹ̀jẹ̀ òyìnbó lára. Àwọn mìíràn gbà pé gbogbo orúkọ òyìnbó ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá jẹ́ orúkọ tí olówó ẹrú fi pe ẹrú rẹ̀. Orúkọ Ransome ni ó dára jù lọ láti fi dán èrò méjèèjì wò. Ìdílé kan ni ó sọ ọ́ di olókìkí ní Nàìjíríà, ìtàn ìdílé náà sì ti di ohun tí gbogbo ayé mọ̀.

Orísun orúkọ náà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, orúkọ Ransome kò pọ̀ bí Smith tàbí Johnson. Ìhà ìlà-oòrùn ilẹ̀ náà, ní agbègbè Suffolk àti Norfolk, ni a ti mọ̀ ọ́n dáadáa. Ní ìlú Ipswich ní Suffolk ni Robert Ransome fìdí kalẹ̀ sí ní 1789, tí ó ń rọ irin ohun-èlò ìtúlẹ̀ fún àwọn àgbẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí ó dá sílẹ̀ gbé orúkọ ìdílé náà dé ọ̀nà jíjìn. Arthur Ransome tí ó kọ ìwé ìtàn fún àwọn ọmọdé, tí ó gbé ayé láti 1884 sí 1967, ń jẹ́ orúkọ yìí pẹ̀lú.

Ìtumọ̀ rẹ̀ kò ṣòro fún Yorùbá láti lóye. Gẹ́gẹ́ bí Yorùbá ṣe ń gé Olúfúnmiláyọ̀ kúrú sí Fúnmi, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ ń gé Randolph kúrú sí Rand. Ẹni tí bàbá rẹ̀ ń jẹ́ Rand ni wọ́n ń pè ní ọmọ Rand. Èyí ni ó di Ranson lẹ́nu àwọn ènìyàn, tí ó sì tún di Ransom àti Ransome nígbà tí ó yá.

Ohun tí ó mú kí lẹ́tà tí ó parí rẹ̀ yí padà ni pé ọ̀rọ̀ mìíràn wà nínú èdè Gẹ̀ẹ́sì tí ìró rẹ̀ jọ ọ́, èyíinì ni ransom, owó tí a fi ń ra ẹni tí ó wà ní ìgbèkùn padà. Ọ̀dọ̀ àwọn Faransé ni ọ̀rọ̀ kejì yìí ti wá. Rançon ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Látìn kan tí ó túmọ̀ sí ìràpadà. Ó sì wà lára ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀rọ̀ tí èdè Gẹ̀ẹ́sì yá lẹ́yìn tí àwọn ará Normandy ti ṣẹ́gun ilẹ̀ náà ní 1066. Àwọn akọ̀wé ìgbà náà kọ orúkọ ìdílé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ Faransé yìí ni. Nípa bẹ́ẹ̀, Ransome wọ ẹ̀wù Faransé, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kì í ṣe ti Faransé. Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyí: kì í ṣe ohun tí orúkọ jọ ni ó máa ń jẹ́.

Ọ̀nà méjì tí orúkọ òyìnbó gbà wọ Abẹ́òkúta

Ní 1830 ni àwọn Ẹ̀gbá tẹ̀dó sí abẹ́ Olúmọ, lẹ́yìn tí ogun ti tú ìlú wọn ká. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni a ti kó lẹ́rú kí ìtẹ̀dó náà tó wáyé àti lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gba díẹ̀ nínú wọn sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n sì kó wọn lọ sí Freetown ní Sierra Leone. Níbẹ̀ ni wọ́n ti kàwé, tí wọ́n ṣe ìsàmì, tí wọ́n sì gba orúkọ tuntun. Láti 1839 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í padà wá sílé, àwọn ará ilé sì ń pè wọ́n ní Sàró. Ọ̀nà kìn-ín-ní nìyí.

Àpẹẹrẹ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ni ti Àjàyí, ọmọ Ọ̀ṣóògùn, tí a kó lẹ́rú ní 1821. Nígbà tí ó ṣe ìsàmì ní Freetown ní 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, èyí tí í ṣe orúkọ àlùfáà kan ní Lọ́ńdọ̀nù. Àlùfáà yẹn kò bí i, bẹ́ẹ̀ ni kò rà á.

Ọ̀nà kejì kò gba orí òkun kọjá rárá. Henry Townsend dé Abẹ́òkúta fún ìgbà àkọ́kọ́ ní January 1843, iṣẹ́ ìjọ C.M.S. sì fìdí múlẹ̀ níbẹ̀ ní 1846. Láti ìgbà náà ni ọmọ Ẹ̀gbá tí kò kúrò nílé rí ti lè gba orúkọ òyìnbó ní ibi ìsàmì. Ìdílé Crowther gba ọ̀nà méjèèjì. Ọmọ gba orúkọ tirẹ̀ ní Freetown. Ìyá rẹ̀, Àfàlà, tí ó tún rí i ní Abẹ́òkúta ní 1846, ṣe ìsàmì níbẹ̀ ní 1848, wọ́n sì sọ ọ́ ní Hannah, nítorí pé Hannah ni ìyá Sámúẹ́lì nínú Bíbélì. Ilé tí a wò láti fún ìyá yìí lórúkọ ni ilé Bíbélì.

Bí Ransome ṣe di orúkọ Ẹ̀gbá

Ọ̀nà kejì yìí ni Ransome gbà wọlé. Ní 1855 ni a bí Josaiah Jesse ní Ìgbẹ́ìn, Abẹ́òkúta. Líkóyè Kútì ni bàbá rẹ̀, ẹni tí kò fẹ́ràn ẹ̀sìn tuntun náà. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ wà lára àwọn onígbàgbọ́ ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí a máa ń gbọ́ ni pé orúkọ ajíhìnrere òyìnbó kan ni Ransome, àti pé láti bu ọlá fún un ni Josaiah ṣe mú un. Ó di olùkọ́, lẹ́yìn náà ó di àlùfáà, ó sì kó àwọn orin Yorùbá wọ inú ìsìn ìjọ. Nígbà tí ó lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920, ilé-iṣẹ́ Zonophone gba ohùn rẹ̀ sórí àwo. Ó kú ní 1930.

Ohun kan wà nínú ọ̀rọ̀ ọkùnrin yìí tí ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí. Kò fi orúkọ àlejò lé orúkọ bàbá rẹ̀ jáde. Ó so méjèèjì pọ̀: Ransome-Kútì. Bẹ́ẹ̀ Kútì sì jẹ́ orúkọ tí ó ní ìtumọ̀ nílé. Ikú ni ó ń bá wí, pé ó tì. Bàbá tí ó kọ ẹ̀sìn náà àti ọmọ tí ó gbà á jọ ń gbé inú orúkọ kan. Josaiah kì í ṣe ẹrú rí, kò sì sí òyìnbó nínú ìran rẹ̀. Àṣìṣe méjèèjì tí a dárúkọ ní ìbẹ̀rẹ̀ ti ṣubú níhìn-ín.

Ọmọ rẹ̀, Israel Olúdọ̀tun, tí a bí ní 1891, ni ó mú orúkọ náà wọ ilé ẹ̀kọ́ gbogbo. Ó jẹ́ ọ̀gá Ilé-ìwé Girama Ìjẹ̀bú-Òde láti 1919, ó sì jẹ́ ọ̀gá Ilé-ìwé Girama Abẹ́òkúta láti 1932 sí 1954. Òun ni ààrẹ àkọ́kọ́ fún Ẹgbẹ́ Àwọn Olùkọ́ Nàìjíríà tí a dá sílẹ̀ ní 1931. Ní 1925 ni ó gbé Fúnmiláyọ̀ Thomas níyàwó. Ìyàwó yìí ní tirẹ̀ gba ọ̀nà kìn-ín-ní wá, nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn ìyá-ńlá rẹ̀ ní ìhà bàbá, Sarah Táíwò, ti di ẹrú rí kí ó tó padà láti Sierra Leone. Ọjọ́ ìgbéyàwó náà ni orúkọ Sàró àti orúkọ ilé ìjọ pàdé nínú ìdílé kan.

Àwọn tí ó dì í mú àti àwọn tí ó jù ú nù

Kì í ṣe òní ni àwọn ọmọ Yorùbá ti ń bọ́ orúkọ òyìnbó sílẹ̀. Ní 1894, David Brown Vincent di Mojọlá Agbebi. Ní Abẹ́òkúta gan-an, Jacob Henry Samuel ti di Adégbóyèga Ẹdun, orúkọ yìí ni ìtàn sì fi mọ̀ ọ́n gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé Ìjọba Ìṣọ̀kan Ẹ̀gbá láti 1902. Fúnmiláyọ̀ náà tí wọ́n sọ ní Frances Abigail pa orúkọ méjèèjì tì nígbà tí ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láàrin 1919 àti 1922.

Ní ti Ransome, ọmọ ilé ni ó gbé ogun tì í. Fẹlá, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1938, lọ sí Amẹ́ríkà ní 1969, ó sì pàdé èrò àwọn aláwọ̀ dúdú ibẹ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ tí olówó ẹrú fún àwọn baba wọn. Malcolm Little ti fi lẹ́tà X rọ́pò Little kí ìgbà náà tó dé. Àwọn àwo tí Fẹlá ṣe ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970 ní Ransome-Kútì lára. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà fi dé àárín, ó pe Ransome ní orúkọ ẹrú, ó sì fi Aníkúlápò rọ́pò rẹ̀, èyíinì ni ẹni tí ó ní ikú nínú àpò. Ìyá rẹ̀ bá a jẹ́ orúkọ tuntun náà.

Bí a bá wo ìtàn Ìgbẹ́ìn, a ó rí i pé ohun tí Malcolm kọ̀ ní Amẹ́ríkà kọ́ ni Josaiah gbà ní Abẹ́òkúta. Ẹnìkan ni wọ́n fi agbára pè lórúkọ. Ẹnìkejì ni ó mú orúkọ fúnra rẹ̀, tí ó sì fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Síbẹ̀, kò yẹ kí a sọ pé Fẹlá kò mọ ohun tí ó ń sọ. Ohun tí ó ń bi àwọn baba rẹ̀ léèrè ni ìdí tí ẹni tí kò sí ní ìgbèkùn fi ní láti wá orúkọ lọ sí ilé ẹlòmíràn kí ó tó di ẹni ọ̀wọ̀ nínú ìjọ. Ìbéèrè náà tọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdáhùn rẹ̀ kò bá ìtàn orúkọ náà mu pátápátá. Ohun tí ó yani lẹ́nu ni pé orúkọ tuntun náà sún mọ́ Kútì ju bí ènìyàn ti rò lọ, nítorí pé ikú kan náà ni méjèèjì ń bá wí.

Àwọn arákùnrin rẹ̀ kò tẹ̀lé e. Olíkóyè, tí orúkọ àbísọ rẹ̀ gbé orúkọ bàbá bàbá-àgbà rẹ̀ padà wọlé, jẹ́ mínísítà fún ọ̀rọ̀ ìlera ní Nàìjíríà láti 1985, Ransome-Kútì sì ni ó ń jẹ́ títí tí ó fi kú ní 2003. Beko, dókítà tí ó jà fún ẹ̀tọ́ ọmọ ènìyàn, di orúkọ náà mú títí di 2006 tí ó fi kú. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, orúkọ wọn sì di méjì.

Lónìí, ibi tí a ti ń rí Ransome nìkan ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ibi tí àwọn ará ibẹ̀ ṣí lọ. Láàrin àwọn Ẹ̀gbá, Kútì ni ó máa ń tẹ̀lé e, Abẹ́òkúta àti Èkó sì ni ìtàn rẹ̀ fìdí múlẹ̀ sí jù lọ. Ẹ̀ka Fẹlá ti fi Kútì nìkan tàbí Aníkúlápò-Kútì yí ayé ká. Fẹ́mi àti Ṣeun, àwọn ọmọ rẹ̀, wà lára àwọn tí orin wọn gbé e kiri. Àwọn ọmọ tí obìnrin bí kò sì jẹ́ orúkọ náà rárá. Wọlé Ṣóyínká, tí a bí ní Abẹ́òkúta ní 1934, jẹ́ àtọmọdọ́mọ Josaiah láti ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò mọ̀ bí ó bá jẹ́ orúkọ nìkan ni ó ń wò? Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lọ síbi tí orúkọ kò dé, orúkọ sì ń dé ibi tí ẹ̀jẹ̀ kò ṣàn sí.

Fún ẹni tí ń kọ ìdánwò, ìlànà tí ó bọ́gbọ́n mu ni kí ó máa pe olúkúlùkù ní orúkọ tí ó ń jẹ́ ní àkókò ìṣẹ̀lẹ̀ tí ó ń sọ. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì ni ó ṣáájú àwọn obìnrin Ẹ̀gbá nígbà tí Aláké Adémọ́lá Kejì fi ìtẹ́ sílẹ̀ ní 1949. Ìyá tí ó jáde láyé ní 1978 ti ń jẹ́ Aníkúlápò-Kútì. Bí orúkọ òyìnbó bá tún yọjú nínú ìtàn Ẹ̀gbá, kí a má ṣe tètè wá ẹ̀jẹ̀ òyìnbó tàbí ẹ̀wọ̀n ẹrú nínú rẹ̀. Kí a kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà tí ó gbà wọlé, ẹni tí ó gbà á, àti ẹni tí ó kọ̀ ọ́. Òwe àwọn àgbà ṣì dúró ṣinṣin, àfi pé ilé tí a óò wò ti di púpọ̀.