Ife-ẹ̀yẹ tí wọ́n gbà lọ́wọ́ Yunifásítì Howard: Ohun tó yẹ kí agbábọ́ọ̀lù Ajégúnlẹ̀ mọ̀

Láti pápá Maracana l'Ájégúnlẹ̀ dé Ìjọra àti Àpápá, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń wá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ lọ sí yunifásítì Amẹ́ríkà. Àmọ́ bọ́ọ̀lù tí èèyàn gbá nílé lè di ẹjọ́ sí i lọ́rùn lọ́hùn-ún. Ó ti ṣẹlẹ̀ rí.

Kí ló ṣẹlẹ̀?

Ní 1971, Howard, yunifásítì àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, níbi tí Nnamdi Azikiwe ti kàwé rí, na Saint Louis 3-2 nílùú Miami, wọ́n sì gba ife-ẹ̀yẹ bọ́ọ̀lù àwọn yunifásítì. Ọmọ Trinidad ni akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, Lincoln Phillips. Ilẹ̀ Áfíríkà àti àwọn erékùṣù Karibíánì ni ọ̀pọ̀ agbábọ́ọ̀lù ẹ̀ ti wá.

Ẹ̀sùn wo ni wọ́n fi kàn wọ́n?

NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Wọ́n ní àwọn kan ti gbá bọ́ọ̀lù kọjá iye ọdún tí òfin fàyè gbà, torí èyí tí wọ́n gbá nílé. Wọ́n tún ní àwọn kan ò ṣe ìdánwò tó yẹ kí wọ́n ṣe kí wọ́n tó wọlé. Howard ń retí àbọ̀ títí wọ January 1973. Nígbà tó máa dé, wọ́n gba ife náà, wọ́n sì ní wọn ò gbọ́dọ̀ bá wọn dé ìpele àṣekágbá ìdíje 1973.

Kí nilé ẹjọ́ wí?

Howard gbé NCAA lọ sílé ẹjọ́. Òfin tó dá wàhálà sílẹ̀ ni pé tí ọmọ ilẹ̀ òkèèrè bá ti pé ọdún 19, ọdún kọ̀ọ̀kan tó bá fi gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ kan nílé, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú ọdún tó ní ní yunifásítì. Òfin yìí ò kan ọmọ Amẹ́ríkà. Ilé ẹjọ́ ní ìrẹ́jẹ ni, wọ́n fagi lé e. Ní 1975, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn fọwọ́ sí i. Àmọ́ àwọn òfin tó kù dúró, ife 1971 ò sì padà wá.

Howard ò jókòó sunkún. Ní 1974, wọ́n na Saint Louis kan náà 2-1 nílùú wọn, lẹ́yìn àfikún àsìkò mẹ́rin. Kò sẹ́ni tó nà wọ́n ní gbogbo sáà yẹn.

Kí ló kàn yín níbẹ̀?

Òfin yẹn ti kógbá sílé, àmọ́ NCAA ṣì ń béèrè ẹgbẹ́ tí ọmọ ti gbá bọ́ọ̀lù fún, ọdún tó fi gbá a, owó tó gbà àti èsì ìdánwò rẹ̀. Ẹ kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ láti ìsinsìnyí. Kẹ́ ẹ tó tọwọ́ bọ̀wé tàbí gba owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ kankan, ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ yunifásítì tẹ́ ẹ fẹ́ lọ. Ẹ má fi nǹkan kan pa mọ́ nínú fọ́ọ̀mù, torí orúkọ ẹgbẹ́ yín àti ti yunifásítì ni ẹjọ́ ọ̀hún máa bà jẹ́.