Ìdọ̀tí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní Ọ̀jọ́

Ìdọ̀tí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ ní Ọ̀jọ́ ni àwọn ẹ̀rọ ilé tí ó ti bàjẹ́, bíi tẹlifíṣọ̀n, fíríìjì, kọ̀ǹpútà, fóònù àti bátìrì, tí ó ń kóra jọ sí Agbègbè Ìjọba Ìbílẹ̀ Ọ̀jọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ibẹ̀ ni Ìbà àti Okokomaiko wà. Ibẹ̀ náà ni ọjà Alaba International wà, ọ̀kan nínú àwọn ọjà ẹ̀rọ tí ó tóbi jù lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Nítorí náà, kì í ṣe inú ilé àwọn ará àdúgbò nìkan ni ìdọ̀tí yìí ti ń wá.

Bí ó ṣe ń dé ibẹ̀

Òfin gbà kí a kó ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tí ó ṣì ń ṣiṣẹ́ wọ Nàìjíríà, ṣùgbọ́n èyí tí ó ti kú máa ń fara pamọ́ sáàárín rẹ̀. Ìwádìí kan tí Yunifásítì ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé lọ́wọ́ sí fi hàn pé ní 2015 àti 2016, nǹkan bíi 60,000 tọ́ọ̀nù ẹ̀rọ àlòkù ń gba èbúté Èkó wọlé lọ́dún, ó kéré tán 15,000 tọ́ọ̀nù nínú rẹ̀ ni kò sì ṣiṣẹ́ mọ́. Inú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà ni wọ́n rọ èyí tí ó pọ̀ jù sí.

Ní 2009, àjọ Greenpeace àti ilé iṣẹ́ ìròyìn Sky News fi ọ̀ràn náà hàn gbangba. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ba tẹlifíṣọ̀n kan jẹ́ kọjá àtúnṣe, wọ́n fi ẹ̀rọ atọpasẹ̀ sínú rẹ̀, wọ́n sì gbé e lọ sí ibùdó ìkólẹ̀ ìjọba ní Hampshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó yẹ kí wọ́n tú u palẹ̀ níbẹ̀. Èkó ni ó bá ara rẹ̀. Ní Alaba ni wọ́n ti rà á padà.

Ibi tí ewu wà

Ẹ̀rọ tí ó kú tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí igun ilé kì í sábà pa ẹnikẹ́ni lára. Títú u àti sísun ún ni ó ń tú oró rẹ̀ sílẹ̀. Gíláàsì tẹlifíṣọ̀n onídìí gbọ̀ọ̀rọ̀ ti àtijọ́ lè ní òjé tí ó tó kílò kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá sun rọ́bà ara wáyà kí wọ́n lè rí kọ́pà inú rẹ̀, èéfín olóró tí a ń pè ní dioxin máa ń jáde. Bátìrì ọkọ̀ àti ti ìnfátà ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù, nítorí òjé ju ìdajì ìwọ̀n rẹ̀ lọ, àwọn kan sì máa ń da ásíìdì rẹ̀ sí gọ́tà kí wọ́n tó tà á. Ilẹ̀ Ọ̀jọ́ sún mọ́ ọ̀sà, omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀ níbẹ̀, kànga àti bọhó ni ọ̀pọ̀ ilé sì ń lò. Ọpọlọ ọmọdé ni òjé ń bá jà jù. Ní Zamfara ní 2010, òjé inú eruku ìwakùsà wúrà pa ọmọdé tí ó lé ní 400.

A kò gbọdọ̀ ka àwọn tí ń tún ẹ̀rọ ṣe ní Alaba mọ́ àwọn tí ń dáná sun wáyà. Ẹ̀rọ tí wọ́n bá jí dìde kò tíì di ìdọ̀tí.

Òfin

Lẹ́yìn tí wọ́n kó pàǹtí olóró láti Ítálì wá sí Koko ní 1988, ìjọba ológun ṣe òfin tí ó sọ kíkó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wọlé di ọ̀ràn ẹ̀wọ̀n. Ìlànà lórí ẹ̀rọ abánáṣiṣẹ́ jáde ní 2011 lábẹ́ àjọ NESREA. Ó di ẹrù lé ẹni tí ó ṣe ẹ̀rọ tàbí tí ó kó o wọlé pé kí ó gbà á padà nígbà tí ó bá kú. Ní 2018 ni wọ́n dá àjọ EPRON sílẹ̀ láti bójú tó ìgbàpadà náà.

Dídà á nù láìséwu

Ohun àkọ́kọ́ ni pé kí ẹ̀rọ wà ní odidi. A kì í fọ́ ọ, a kì í sun ún, a kì í sì í jù ú sínú ike ìdọ̀tí tí ọkọ̀ PSP ń kó lọ sí ààtàn, nítorí iná lè ṣẹ́ yọ níbẹ̀, bí ó ti ṣẹlẹ̀ ní Olusosun ní oṣù kẹta 2018. Bátìrì fóònù tí ó bá wú kò ṣeé gún, kò sì ṣeé fi iná sí mọ́; orí iyanrìn ni kí a gbé e sí, jìnnà sí ohun tí ó lè gbiná. Bí gílóòbù gbọọrọ bá fọ́, mẹ́kúrì díẹ̀ wà nínú rẹ̀: kí a ṣí fèrèsé, kí a jáde fún ìṣẹ́jú bíi mẹ́wàá, kí a fi páálí kó àfọ́kù rẹ̀ sínú ìgò oníderí, kí a má fi ìgbálẹ̀ gbá a. Bátìrì ìnfátà ni kí a gbé lọ pẹ̀lú ásíìdì rẹ̀ nínú, ní ìdúró, fún ẹni tí ó tà á tàbí ilé iṣẹ́ ìtúnlò tí ó ní ìwé àṣẹ. Owó tí àwọn tí ń ra àlòkù irin kiri ń san lẹ́nu ọ̀nà ni ó sábà ń mú kí àwọn ará ilé yan tiwọn dípò èyí.